Ẹ̀FỌ́RÍ TÍ Ó Ń LỌ TÍ Ó Ń BỌ̀: KÍ NI Ó Ń FÀ Á, KÍ NI A LÈ ṢE SÍ I?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá ẹ̀dá, tí Ó sì dá oògùn fún àìsàn ẹ̀dá. Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ọdún yìí, a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú àti gbogbo ìjọ mọ́sálásí sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀fọ́rí, pàápàá èyí tí kì í fi ènìyàn sílẹ̀: ó lọ lónìí, ó padà dé lọ́túnla. A mú ọ̀rọ̀ náà wá nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń lé e lọ gan-an ni ó tún ń pè é padà.

Ẹ̀fọ́rí kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já di orí ènìyàn pinpin, láti iwájú orí títí dé ẹ̀yìn ọrùn. Ìrònú, àìsùntó àti títẹríba sórí ìwé tàbí ẹ̀rọ aránṣọ láti àárọ̀ di alẹ́ sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Èkejì ni túúlu. Ó sábà máa ń mú apá kan orí, á máa lù kìkì bí ìlù, èébì á máa gbé ènìyàn, kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, kò ní fẹ́ gbọ́ ariwo. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ó lè gba wákàtí 4 títí dé ọjọ́ 3. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, obìnrin ni ó sì ń bá jà jù, pàápàá nígbà tí nǹkan oṣù bá súnmọ́.

Àwọn Lárúbáwá ń pe túúlu ní shaqiqa. Ó wà nínú Sahih Bukhari pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba ẹ̀jẹ̀ lórí nítorí àìsàn yìí nígbà tí ó wà nínú hárámí. Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, náà kọ̀wé lórí oríṣiríṣi ẹ̀fọ́rí nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀, Al-Qanun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ fún aláìsàn pé àìnígbàgbọ́ ni ó ń fọ́ ọ lórí, kí ó lọ tún hádíìsì kà. (Èyí kò ní kí á gbé orí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sáà ti mú abẹ lọ́wọ́. Abẹ tí a fi gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnìkan, tí a tún fi gba ti ẹlòmíràn, lè gbé àrùn HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ kiri.)

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí oògùn. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé bí ẹni tí orí máa ń fọ́ bá ń lo paracetamol ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tí ó sì ju oṣù 3 lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fa ẹ̀fọ́rí. Fún oògùn tí wọ́n po méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti fà á. Aspirin àti caffeine, fún àpẹẹrẹ, ni ó wà nínú ìyẹ̀fun Alábùkún tí Jacob Odulate ṣe jáde ní Abẹ́òkúta ní 1918. Oògùn gidi ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí a dá fún ọjọ́ kan kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ẹni tí ó bá ti bọ́ sínú ìdẹkùn yìí, bí ó bá dáwọ́ dúró, orí náà lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ díẹ̀ títí dé bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó tó máa rọlẹ̀. Kí ó jẹ́ kí dókítà mọ̀. Ẹni tí ó ń lo tramadol tàbí codeine kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀.

Paracetamol ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta (500 mg) kò gbọdọ̀ ju hóró 8 lọ fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24, nítorí ẹ̀dọ̀. Aspirin kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16.

Kí ni kí á wá ṣe? Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí orí fọ́, àsìkò tí ó bẹ̀rẹ̀, bí oorun ti rí ní òru àná, ohun tí ẹ jẹ, àti oògùn tí ẹ lò. Láàárín oṣù méjì, ohun tí ó ń fà á lè bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Ọmọ tí orí rẹ̀ ń fọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ ilé-ìwé nìkan, ẹ mú un lọ yẹ ojú wò, kí ẹ sì bi í bóyá ó jẹun kí ó tó jáde. Ẹ má sọ pé ó ń sá fún wàláà. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé pa pọ̀ lásìkò tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, èéfín rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ jáde síta kíá, nítorí èéfín náà ń pani.

Ẹ̀fọ́rí oṣù ààwẹ̀ náà ní ìdí tirẹ̀. Lára ohun tí ó ń fà á ni ebi, àìmu omi, àti obì tàbí kọfí tí ara ti mọ̀ tí a wá já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹ̀yin Àlùfáà wa tí obì kì í wọ́n lẹ́nu yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí dín in kù díẹ̀díẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù tó lé. Ẹ má fo sààrì, ẹ fà á súnmọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́ bí súnnà ṣe là á sílẹ̀, kí ẹ sì máa mu omi láti ìṣínu títí di ìgbà náà. Ẹni tí túúlu bá wó mọ́lẹ̀, áyà 184 àti 185 nínú Súrátùl-Bákárà ti fún aláìsàn láyè láti ṣínu, kí ó sì san án padà.

Nígbà tí túúlu bá dé, oògùn tí a tètè lò ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí a fi falẹ̀ lọ. Yàrá tí ó ṣókùnkùn, aṣọ tútù níwájú orí, omi àti oorun náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Bí ó bá ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, ẹ béèrè oògùn tí a fi ń dènà rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Bí ara bá gbóná mọ́ ọn, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà kí ẹ tó lo oògùn ibà. Ẹ wọn ìfúnpá náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀fọ́rí mọ ẹ̀jẹ̀ ríru: ọ̀pọ̀ tí tiwọn ga ni orí kì í fọ́ rárá.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la, tí a kò sì gbọdọ̀ fi omi wàláà nìkan dá dúró nílé. Àwọn ni ẹni tí orí rẹ̀ ṣàdédé fọ́ bí ìgbà tí ààrá sán. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí ọrùn rẹ̀ sì gan, nítorí yírùnyírùn. Ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́. Ẹni tí ó fi orí gbá nǹkan tí ó wá ń bì. Àti aláboyún tí orí ń fọ́ tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ara rẹ̀ ń wú. Ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, ì báà ṣe òru.