Ẹ̀kọ́ Lórí Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Múra Píkọ́ọ̀pù Sílẹ̀ Láti Fa Tírélà Ẹrù

Ní ìpàdé wa ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ tírélà ló gba àkókò jù. Kì í ṣe tírélà gàgàrà tí ń kó ẹrù láti Òkè Ọya lọ sí Èkó ni a ń wí. Èyí kékeré ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin, tí a ń so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù láti fi kó ẹ̀gẹ́, káṣú, ajílẹ̀ tàbí tánkì omi. Ẹgbẹ́ mìíràn ti rà á, ẹgbẹ́ mìíràn ń dá owó jọ láti rà á, nítorí pé ó ń dín owó ọkọ̀ kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná owó ẹgbẹ́, ẹ gbọ́ ohun tí ojú tiwa rí.

A yá tírélà kan, a kó ẹ̀gẹ́ kún un láti oko. Awakọ̀ wa so ó mọ́ ọkọ̀, ó gbọ́ tí ìkọ́ ró gbà, ó sì rò pé ó ti wọlé. Bí ọkọ̀ ti bọ́ sínú kòtò kan, tírélà fò kúrò lórí bọ́ọ̀lù irin tí a so ó mọ́, ó dá ọ̀nà kọjá, ó sì wọ inú igbó lódì kejì. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sí ẹni tí ń bọ̀ níwájú. Nígbà tí a wò ó dáadáa, bọ́ọ̀lù tí ó wà nídìí ọkọ̀ wa jẹ́ ínṣì 1⅞, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ìkọ́ tírélà jẹ́ ti ínṣì 2. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 3. Ojú kò lè rí i, etí náà kò sì lè gbọ́ ọ, nítorí ìkọ́ yóò dún bí ẹni pé ó há. A kò sì fi ṣéènì kankan dè é. Àwa fúnra wa ni a jẹ̀bi, kì í ṣe awakọ̀ nìkan.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí orí bọ́ọ̀lù àti èyí tí a tẹ̀ sí ara ìkọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́yìn tí a bá ti so ó, a óò fi jáàkì gbé orí tírélà sókè díẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá bá a gòkè, ó ti há. Bí ìkọ́ bá dá gòkè tí bọ́ọ̀lù sì dúró sílẹ̀, ẹ dúpẹ́ pé ilé ni ẹ ti rí i. Ṣéènì méjì ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé wọn kọjá ara wọn bí àgbélébùú lábẹ́ orí tírélà. Bí ìkọ́ bá yọ, orí tírélà yóò sùn lé ṣéènì lórí, kò ní gún ilẹ̀. Kí ṣéènì má gùn débi tí yóò máa wọ́ nílẹ̀, kí ó má sì kúrú débi tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ṣẹ́ kọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn wẹ́dà wa, tí a mọ̀ pé ọwọ́ wọn dá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jó bọ́ọ̀lù mọ́ bọ́ńpà. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni bọ́ńpà. Ara ṣáásì ọkọ̀ gan-an ni kí ẹ ti fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè é.

Ẹ̀yìn èyí ni ìwúwo ẹrù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50, nítorí náà ogún àpò ti di tọ́ọ̀nù kan. Omi lítà 1,000 náà jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, láìka tánkì fúnra rẹ̀. Tánkì tí omi rẹ̀ dé ìdajì tilẹ̀ burú ju èyí tí ó kún lọ ní ọ̀nà kan, nítorí omi inú rẹ̀ yóò máa sáré síwá sẹ́yìn, yóò sì máa ti ọkọ̀ kiri. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín: iye tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní kí ó fà wà níbẹ̀. Bí tírélà kò bá ní bíréèkì tirẹ̀, kílò 750 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi mọ fún píkọ́ọ̀pù, tírélà àti ẹrù lápapọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ rí i: tánkì omi lítà 1,000 ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì yóò fà á, a kò jiyàn. Dídúró ni ìṣòro.

Ìwúwo tí ń sùn lé bọ́ọ̀lù náà ní ìwọ̀n. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò, mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Tírélà tí òun àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ kílò 700, kílò 70 sí 105 ni orí rẹ̀ yóò wọ̀n. Bí ó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tírélà yóò máa ju ìdí bí ìrù ajá. Bí ó bá wúwo jù, ìdí ọkọ̀ yóò rì, iwájú yóò fúyẹ́, sìtiárìn kò ní gbọ́ràn, iná iwájú yóò sì máa wọ ojú ẹni tí ń bọ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò káṣú tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé orí tírélà lé e níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí ẹ fi nǹkan di táyà kí ó má baà yí. Bí ó bá fúyẹ́, ẹ sún ẹrù síwájú díẹ̀. Bí ó bá wúwo, ẹ sún un sẹ́yìn. Ẹ má gbàgbé pé ìwúwo orí yìí jẹ́ ara ẹrù tí píkọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ rù.

Táyà: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè dán bí tuntun kí ó ti gbó. Ẹ fún un ní atẹ́gùn kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín ẹsẹ̀ tírélà. Bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò gbà á, girísì ti tán nínú bérìnì, tàbí bíréèkì ń há. Iná ẹ̀yìn kò nílò àlàyé púpọ̀. Láti 1988 tí ìjọba ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, iná àti táyà wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ irú ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Àwa kì í kọjá 60 ní wákàtí, a kì í sì bá ẹnikẹ́ni díje. Jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀ òkè, kí bíréèkì má baà jóná. Bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ má fi ìbẹ̀rù tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ má sì yí sìtiárìn sọ́tùn-ún sósì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ di sìtiárìn mú gbọingbọin títí eré yóò fi lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a jiyàn lé lórí ní ìpàdé títí ilẹ̀ fi ṣú: àwọn alágbàṣe tí wọ́n ń jókòó lórí ẹ̀gẹ́ wálé. Àwọn kan ní ọ̀nà oko kò jìn, àti pé kò sí ọkọ̀ mìíràn. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú tírélà mọ́. Awakọ̀ yóò lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹgbẹ́ yóò sì san owó epo ìrìn kejì.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ wọn orí tírélà tirẹ̀ lè lo òṣùwọ̀n wa ní ọjọ́ ìpàdé. Kí ó gbé tírélà náà wá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kì í ṣe lófìfo.