Irin tí ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù dúró: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ní Gouka, iṣu, gàrí àti kajú kì í fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó wọn lọ sí Savalou, Glazoué tàbí Kútọnu. Bí irin abẹ́ ọkọ̀ bá dá lójú ọ̀nà, ẹrù á dà, owó á ṣòfò, ènìyàn sì lè kú. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń háyà ọkọ̀, tiyín ni pẹ̀lú.

1. Kí ni irin náà ń ṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn. Ẹ ó rí àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn, tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Lámù ni à ń pè wọ́n. Èyí tí ó gùn jù ni ìyá wọn: orí rẹ̀ méjèèjì ká bí òrùka, ibẹ̀ ni a ti so ó mọ́ ara ọkọ̀. Bóòtì kan gba àárín gbogbo wọn kọjá. Irin méjì tí a tẹ̀ bí lẹ́tà U dè wọ́n mọ́ ọ̀pá tí ó gbé táyà.

Bí táyà bá kó sí kòtò, lámù á tẹ̀, á sì padà sí ipò rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí gbogbo agbára kòtò náà dé ara ọkọ̀ àti ẹrù.

2. Ṣé kí a fi lámù kún lámù?

Nígbà kajú, ẹrù máa ń pọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ọlọ́kọ̀ kan bá mẹkáníìkì sọ:

— Ọ̀gá, ẹ bá mi fi lámù méjì kún un, kí ọkọ̀ lè gbé ẹrù sí i.
— Ẹ̀gbọ́n, lámù á le lóòótọ́. Ṣé ìjánu ọkọ̀ náà á le sí i? Ṣé ọ̀pá táyà á nípọn sí i? Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ òkè tí ìjánu kò gbà, kí ni lámù fẹ́ ṣe?

Òótọ́ ni mẹkáníìkì sọ. Fífi lámù kún lámù kì í sọ ọkọ̀ di alágbára. Ó kàn ń jẹ́ kí a gbàgbé pé ẹrù ti pọ̀ jù ni.

Ẹ wo ìwé ọkọ̀ tí à ń pè ní carte grise. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́rin yìí: PTAC. Nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Òfin UEMOA ti ọdún 2005 sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ní ọ̀pá táyà méjì kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 18 lọ, àti òun àti ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ọkọ̀ òfìfo bá wọn tọ́ọ̀nù 8:
18 – 8 = 10.
Tọ́ọ̀nù 10 jẹ́ àpò 100, bí àpò kọ̀ọ̀kan bá wọn kílò 100. Bí PTAC ọkọ̀ yín bá kéré sí 18, òun ni kí ẹ tẹ̀lé.

3. Bí a ṣe ń yan lámù

— Kí ẹ tó lọ rà á, ẹ ka iye lámù tí ó wà níbẹ̀. Ẹ wọn fífẹ̀ àti nínípọn wọn. Ẹ wọn ìyá wọn láti bóòtì àárín dé òrùka iwájú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n dé òrùka ẹ̀yìn, nítorí méjèèjì lè má dọ́gba. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.
— Bí ti apá kan bá dá, ẹ pààrọ̀ ti apá méjèèjì. Tuntun le ju ògbólógbòó lọ. Ọkọ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.
— Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ti lò rí, ẹ nù ún mọ́, kí ẹ fi epo àtùpà pa á. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ẹfun kùn ún. Bí ó bá ti sán, epo á jáde, á fa ìlà dúdú lójú ẹfun. Ẹ má rà á.
— Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó lámù tó dá pọ̀. Iná ń pa agbára irin náà, bí ó ti ń pa ẹnu àdá. Ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ kí ó fi rọ ọkọ́. Ẹ má dá a padà sábẹ́ ọkọ̀.
— Ẹ ra irin onílẹ́tà U tuntun pẹ̀lú. Èyí tí a ti tú lè má dè dáadáa mọ́.

4. Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

— Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ yí i ká. Ṣé ó dúró déédéé? Ṣé lámù kan ti yọ sí ẹ̀gbẹ́? Ìpẹtà pupa tí ó ń dà bí ìyẹ̀fun fi hàn pé nǹkan ti tú tàbí pé ó ti sán.
— Lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹrù, kí mẹkáníìkì tún irin onílẹ́tà U dè. Kí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 1000.
— Ẹ máa fi gírísì sí ojú ihò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ni ó wà nínú òrùka, ẹ má fi gírísì sí i: gírísì ń ba rọ́bà jẹ́.
— Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹ sì fi igi tó nípọn gbé ọkọ̀ náà.
— Ẹ má jẹ́ kí ènìyàn jókòó sórí ẹrù.

Ìbéèrè

1. Kí ni lẹ́tà PTAC ń sọ fún wa?
2. Ọkọ̀ òfìfo wọn tọ́ọ̀nù 7, PTAC rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 15. Àpò gàrí oníkílò 100 mélòó ni ó lè gbé?
3. Kí ló dé tí a kì í fi pààrọ̀ lámù mọ sí apá kan ṣoṣo?
4. Ẹ kà á sókè: ọkọ̀, ọkọ́, oko. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan.