Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Multi-tool Wo Ló Yẹ Iṣẹ́ Ilé?

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní Kétu fẹ́ gé ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn láìba táìsì jẹ́. Irú multi-tool wo ni kí ó rà?

Ìdáhùn: Ayùn ẹ̀rọ yìí kì í yí po, ńṣe ló ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì. Ilé iṣẹ́ Fein ní Jámánì ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1967 fún gígé POP lára ẹni tí egungun rẹ̀ kán.

Kí òǹkàwé wa ra èyí tí iyára rẹ̀ ṣe é dín kù, tí ayùn rẹ̀ sì wọ́pọ̀ lọ́jà, torí ayùn tètè máa ń kú.

Kí ó ṣọ́ra fún tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà: 120V ni, iná 230V wa yóò jó o. Níbi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, oníbátìrì ló dára jù. Kí ó má gbàgbé awò ìdáàbòbò ojú.