Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: 'Borrow' àti 'Lend'

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ṣe sùúrù díẹ̀ kí o tó ṣí àròkọ àpẹẹrẹ tí ó kàn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì wà tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, nítorí pé kò sí ọdún kan nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà tí n kò fa ìlà pupa sí abẹ́ wọn nínú ìwé àwọn ọmọ. 'Borrow' ni èkíní, 'lend' ni èkejì. Nínú SSCE, èyí tí ó rọ́pò ìdánwò oníwèé mẹ́wàá àtijọ́ ní Nàìjíríà ní 1988, ààbọ̀ máàkì ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń gbà lọ. O lè rò pé ààbọ̀ máàkì kò tó nǹkan. Gbọ́ èyí ná.

Ìyá kan wà ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìrẹsì gbíngbìn. O mọ̀ pé ìrẹsì Ìgbẹ́mọ lókìkí káàkiri Èkìtì, àwọn oníṣòwò a sì máa ti ìlú mìíràn wá rà á. Ní ìgbà ìkórè kan, ìyá yìí wín oníṣòwò kan ní àpò ìrẹsì méjì, pé kí ó dá méjì padà tí ọjà tirẹ̀ bá dé. Ọdún yípo, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí ọmọ òun tí ó wà ní kíláàsì kẹrin nílé-ẹ̀kọ́ girama kọ létà sí ọkùnrin náà. Ohun tí ọmọ kọ nìyí: 'My mother borrowed you two bags of rice last year. She has not forgotten it.'

Èsì dé. Akọ̀wé oníṣòwò náà kọ ọ́ pé inú ọ̀gá òun dùn púpọ̀ pé ìyá rántí gbèsè tí ó jẹ, àti pé àwọn ń retí àpò ìrẹsì méjì náà kí Kérésìmesì tó dé. Ìyá mú ìwé méjèèjì wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kí ni ọmọ yìí kọ gan-an?" Ọ̀gá náà mọ òtítọ́ o, ṣùgbọ́n ó ti rí ìwé tí ó gbè é lẹ́yìn. Ẹlẹ́rìí méjì àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà wá kí gbèsè náà tó padà sí ọrùn ẹni tí ó ni ín.

Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Yorùbá tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Wo gbólóhùn méjì yìí: 'Mo yá àdá lọ́wọ́ Òjó' àti 'Mo yá Òjó ní àdá'. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, 'yá', ni ó wà nínú méjèèjì. Nínú èkíní, èmi ni mo gba àdá; nínú èkejì, èmi ni mo fún un. 'Lọ́wọ́' àti 'ní' ni ó ń sọ fún wa ẹni tí àdá ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'wín' ṣe rí: a lè wín iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, a sì lè wín aládùúgbò ní iyọ̀.

Nígbà náà, kí ni ó ya 'yá' àti 'wín' sọ́tọ̀? Irú nǹkan tí a gbà ni. Iyọ̀, epo, ìrẹsì, ohun tí a óò jẹ tán tí a óò sì fi irú rẹ̀ rọ́pò, 'wín' ni ó yẹ ẹ́. Àdá, kẹ̀kẹ́, agbádá òde, ohun tí òun gan-an yóò padà sílé, 'yá' ni. Ní ti owó, o lè gbọ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà bóyá iyọ̀ ni tàbí àdá. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: ta ni ó fún ni, ta ni ó gbà? Àwa fi nǹkan pín ọ̀rọ̀ náà, àwọn fi ọwọ́ pín in. Bí o bá ń wá 'borrow' nínú 'yá' kí o sì máa wá 'lend' nínú 'wín', o ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Má ṣe rò pé àwa nìkan ni. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ kan, 'leihen', tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó sì ń yọ àwọn náà lẹ́nu bí wọ́n bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ní tirẹ̀ pín in bíi Gẹ̀ẹ́sì, 'emprunter' fún ẹni tí ó gbà, 'prêter' fún ẹni tí ó fún ni.

Wàyí o, bí a ti ń lò wọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ́ olùwà fún 'borrow' ni ó gba nǹkan. Nǹkan tí ó gbà ni yóò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà, 'from' yóò sì ṣáájú ẹni tí ó ni ín: 'I borrowed a cutlass from Ojo.' 'Borrow' kì í gba ènìyàn mọ́ra tààrà, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ Ìgbẹ́mọ ti ṣubú. Ẹni tí ó bá jẹ́ olùwà fún 'lend' ni ó fún ni. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ọ́: 'I lent Ojo a cutlass', tàbí 'I lent a cutlass to Ojo'. Méjèèjì dára. 'Lend' di 'lent' bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá. Kò sí 'lended'. Má sì fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ 'lent' yìí láàárín gbólóhùn, nítorí 'Lent' ni orúkọ ààwẹ̀ àwọn Kírísítẹ́nì.

Ọ̀rọ̀ bírò ni ó wọ́pọ̀ jù nínú kíláàsì: 'Can you borrow me your biro?' Ìwọ ni o fẹ́ gbà á, nítorí náà kọ 'May I borrow your biro?' Bí o bá fẹ́ fi ẹni tí ó ni bírò ṣe olùwà, kọ 'Will you lend me your biro?' Ṣọ́ra fún 'lọ́wọ́' pẹ̀lú. Àwọn kan ń kọ 'from the hand of my friend'. 'From my friend' ti tó. Gẹ̀ẹ́sì kò nílò ọwọ́ níbẹ̀.

Ìlò kan wà tí gbèsè kò sí nínú rẹ̀. Yorùbá gba 'àlùbọ́sà' lọ́wọ́ Haúsá, ó gba 'búrẹ́dì' lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A kò dá wọn padà, àwọn tí ó ni wọ́n kò sì pàdánù ohunkóhun, síbẹ̀ 'borrow' ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, àwa náà sì ń pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ àyálò. Bákan náà, 'lend a hand' kò ju pé kí o ran ènìyàn lọ́wọ́ lọ. Má ṣe fi 'borrow' rọ́pò 'lend' níbẹ̀.

Létà tí ìbá gba ìyá náà sílẹ̀ nìyí. Ṣe àdàkọ rẹ̀:

'Dear Sir,

I write on behalf of my mother about the two bags of rice which she lent you at the last harvest. You borrowed them from her and promised to return two bags of the same kind. She has not yet received them. She would be grateful if you would send them before the end of this month.'

Kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a sọ láti ìhà méjèèjì: 'she lent you', 'you borrowed from her'. Akọ̀wé wo ni yóò rí ibi yí i sí?

Iṣẹ́ ṣíṣe. Túmọ̀ gbólóhùn wọ̀nyí sí Gẹ̀ẹ́sì:

1. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ yá mi ní rúlà yín.
2. Bàbá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.
3. Àǹtí mi wín ìyá Bọ́lá ní kóńgò ìrẹsì kan.
4. Ta ni ẹ yá ní kẹ̀kẹ́ yín?
5. Owó tí Bọ́lá yá kò tíì padà.

Fún ìkarùn-ún, kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ni owó náà kí o tó gbé bírò.