Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí: Fífi Ọmọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Bọ́ọ̀lù

Ó ti di àṣà nísisìyí ní àwọn ìlú wa pé, bí ọmọkùnrin kan bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi wá sí ilé bàbá rẹ̀ láti wí pé kí a fi ọmọ náà sí akádẹ́mì, èyíinì ni ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́. Bàbá a máa ronú. Ìyá a máa ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ní tirẹ̀ kò ní ìrònú kankan, nítorí ó ti rí ara rẹ̀ ní pápá Wembley. Ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn eré mọ́, nítorí owó ilé àti ọdún ìgbà èwe ọmọ ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí àwọn òbí tí ń ka ìwé yìí bá wa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sùúrù.

Kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá pé kí a mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan kí ó kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí a bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tàbí káfíńtà, a kì í ṣàì béèrè: Ọdún mélòó ni yóò lò? Níbo ni yóò máa sùn? Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Kí ni a ó san ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ni a ó sì san ní ọjọ́ tí yóò gba òmìnira? A sì máa ń pe ẹlẹ́rìí sí i. Ó yani lẹ́nu pé àwọn òbí tí wọn kò jẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún télọ̀ láìbéèrè ìwọ̀nyí ni ó ń fi ọmọ lé olùkọ́ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì tí ó yẹ kí ó mú wa ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ télọ̀ dé ìdajì, bí ọ̀gá bá tilẹ̀ lé e, ó kéré tán ó mọ ṣòkòtò rán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù bá dá padà ní ọmọ ọdún 16 kò ní ohun kan tí yóò fi jẹun, bí kò bá ní ìwé lórí. Ìbéèrè tí òbí níláti gbé ṣíwájú gbogbo ìbéèrè yòókù ni èyí: ní ọjọ́ tí wọ́n bá wí fún ọmọ mi pé kí ó máa lọ sílé, kí ni yóò wà ní ọwọ́ rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ìbéèrè oníbẹ̀rù ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ètò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ gidigidi. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti pín gbogbo akádẹ́mì àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀ sí ipò mẹ́rin, láti èkíní tí ó ga jù títí dé ẹ̀kẹrin. A lè kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ẹgbẹ́ láti ìgbà tí ó bá wọ ọ̀wọ́ àwọn tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 9. Òbí kì í san owó ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ ni ó ń gbé ìnáwó náà. Bí ọmọ bá dé ọdún 16, wọn a yàn nínú wọn àwọn tí wọ́n fẹ́ fún ọdún méjì sí i, tí wọn yóò máa kọ́ bọ́ọ̀lù, tí wọn yóò sì máa ka ìwé pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n kúrò lọ́mọdé, wọn a tún yàn lẹ́ẹ̀kan sí i àwọn tí yóò gba ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni a ń dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì tí ì pé ọmọ ọdún 12.

Àwọn òbí tí ó jẹ́ Yorùbá fẹ́ràn láti máa dárúkọ Bukayo Saka, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́, nítorí ọmọ wa ni. Ìlú London ni a bí i sí ní ọdún 2001. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí ó wọ akádẹ́mì ẹgbẹ́ Arsenal, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn àgbà ní ọdún 2018, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà gbọ́: ilé-ẹ̀kọ́ lásán tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń lọ ni òun náà lọ ní gbogbo àkókò yìí, ó sì yege dáradára nínú ìdánwò ìwé rẹ̀ kí òkìkí tó kàn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dá ní ọmọ ọdún 16, ìwé wà.

Ìtàn ti Eberechi Eze yàtọ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè wa ni àwọn òbí tirẹ̀ pẹ̀lú, ní London ni a sì gbé tọ́ ọ. Arsenal dá a padà nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Fulham gbà á, wọ́n tún jẹ́ kí ó lọ. Reading ṣe bẹ́ẹ̀. Millwall ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016 ni Queens Park Rangers gbà á, láti ibẹ̀ ni ó ti dé Crystal Palace ní ọdún 2020. Òun ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Crystal Palace fi gba ife FA ní ọdún 2025. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ ọdún náà, Arsenal tí ó lé e ní kékeré fi owó tabua rà á padà. Àwọn kan yóò wí pé, Ẹ ò rí i bí? Ẹ máa forí tì í! Ohun tí àwa rí nínú rẹ̀ ni pé ènìyàn bí tiwa ni àwọn tí ń yan ọmọ, ẹgbẹ́ mẹ́rin sì lè ṣi ọmọ kan náà wò. Nítorí náà kí òbí má ṣe gba ìyàn bí ìbùkún tí kò lè yẹ̀, kí ó má sì ṣe gba ìkọ̀sílẹ̀ bí ègún. Ọmọ ọdún 13 kò lè dá èyí rò fún ara rẹ̀; ojú bàbá rẹ̀ ni yóò wò láti mọ̀ bóyá òun ti di ẹni ìtìjú. Ọgbẹ́ ọkàn náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí Crystal Palace kan náà fi gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 2022 láti máa tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá dá sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ.

Ní Amẹ́ríkà, òbí ni ó sábà máa ń san owó náà, kì í sì í ṣe owó kékeré. Ètò ńlá kan tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, tí ó tilẹ̀ wá dá àwọn ọmọkùnrin lẹ́kun láti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ni a pa tì lójijì ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Ọmọ nìkan kọ́ ni a lè dá sílẹ̀; ètò pàápàá lè kú.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Láti ọdún 1992 ni ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ti Pepsi ti bẹ̀rẹ̀, láti inú rẹ̀ sì ni John Obi Mikel ti jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, akádẹ́mì pọ̀ bí olú. Òmíràn kò ní ju pápá eléruku kan, bọ́ọ̀lù mẹ́ta àti fèrè lọ, olórí rẹ̀ sì lè jẹ́ ènìyàn rere. Òmíràn so mọ́ ẹgbẹ́ tí ó wà nínú ìdíje orílẹ̀-èdè, gẹ́gẹ́ bí ti Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, níbi tí ẹgbẹ́ Remo Stars tí ó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2025 ti ń tọ́ àwọn èwe. Ní ilẹ̀ Gánà, láti ọdún 1999, ilé ẹ̀kọ́ Right to Dream a máa gba ọmọ sílé, a máa bọ́ ọ, a sì máa kọ́ ọ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àwọn tí bọ́ọ̀lù kò gbé débi kan, àwọn mìíràn ti bá ìwé dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Irú èyí ni ó ní ìdáhùn sí ìbéèrè tí a béèrè lókè. Ó ṣọ̀wọ́n.

Ibi tí àwọn òbí wa ti ń ṣubú jù ni ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó. Ọkùnrin kan yóò dé, yóò wí pé ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù ti rí fọ́tò ọmọ náà, pé mílíọ̀nù díẹ̀ náírà ni ó kù fún físà àti ọkọ̀ òfuurufú. Wọn a ta ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ òfin: FIFA, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo àgbáyé, kò gbà kí a mú agbábọ́ọ̀lù tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn àyọkúrò wà, bí ti ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ fúnra wọn ṣí lọ nítorí ohun tí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Barcelona jìyà òfin yìí ní ọdún 2014, Chelsea sì jẹ ẹ́ ní ọdún 2019. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò tí ì pé ọdún 18 rárá. Victor Osimhen, ọmọ tí ó ti rìn láàrin ọkọ̀ ní Èkó tí ó ń tajà, gbá góòlù 10 ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tí ì pé ọdún 17 ní ọdún 2015, gbogbo ayé sì rí i. Síbẹ̀ ó di oṣù kìíní ọdún 2017, lẹ́yìn tí ó pé ọdún 18, kí ó tó di ti ẹgbẹ́ Wolfsburg ní Jámánì. Bí òfin bá ní kí Osimhen dúró, ta ni ó lè mú ọmọ ọdún 15 yín kọjá?

Ẹ sì tún ro ọ̀rọ̀ owó náà wò. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ọmọ ni ó ń náwó lé e. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè, òfin yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọdún 12 títí dé 23. Akádẹ́mì tí ó wà nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà mọ èyí, ó sì lè dúró de èrè rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba owó ìrìnàjò lọ́wọ́ ìyá aláṣọ nílé ti gba èrè tirẹ̀ ní Èkó, kò sì ní ìdí tí yóò fi bìkítà bí ọmọ náà bá dé Paris tí kò rí ẹni pàdé rẹ̀. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìgboro Faransé tó bẹ́ẹ̀ tí Jean-Claude Mbvoumin, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Kamẹrúùnù rí, fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Níti ìwé àdéhùn, kí òbí má ṣe fọwọ́ sí ohun tí kò kà, kí agbẹjọ́rò sì kà á pẹ̀lú. Ìlànà FIFA kò gba àdéhùn tí ó ju ọdún mẹ́ta lọ fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Mikel tí a dárúkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18 ní oṣù kẹrin ọdún 2005 nígbà tí Manchester United kéde pé ó ti di tiwọn. Chelsea ní tiwọn ni. Ẹjọ́ náà gùn ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó fi mílíọ̀nù 16 pọ́ùn parí rẹ̀. Ọmọ náà ni ó wà láàrin.

Ọ̀ràn ọjọ́ orí dun ni láti sọ, ṣùgbọ́n a kò lè ṣàìsọ ọ́. Bí olùkọ́ bọ́ọ̀lù bá ní kí ẹ yọ ọdún méjì kúrò lára ọmọ, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu ni FIFA fi dá Nàìjíríà dúró nínú ìdíje àwọn èwe fún ọdún méjì ní 1989, láti ọdún 2009 sì ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Ìwé ìsàmì wà ní ilé ìjọsìn, orúkọ àlùfáà àti ti àwọn òbí ìsàmì wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò pa á rẹ́?

Àwọn òbí ọmọbìnrin lè máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n. Asisat Oshoala ti Ìkòròdú, tí àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀, ti gba adé agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Òbí lè ṣì í nípa kíkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti lè ṣì í nípa gbígbà.

Bí ó bá wá di pé ẹ gbà, ẹ rántí Hánà, tí ó mú Sámúẹ́lì lọ fún Élì ní Ṣílò. Kò fi í síbẹ̀ kí ó gbàgbé. A máa mú ẹ̀wù kékeré kan lọ fún un lọ́dọọdún. Ẹni tí ń dá ẹ̀wù fún ọmọ níláti mọ bí ó ti ga tó, bí ó ti sanra tàbí bí ó ti rù. Nítorí náà ẹ máa lọ. Kí ẹ tilẹ̀ tó san owó kankan, ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ń bọ̀. Bí ẹ bá bá àwọn ọmọ nínú pápá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn wà nínú kíláàsì, ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí ibẹ̀ ìgbà tí wọ́n ń ka ìwé; kí ẹ sì ní kí ó mú yín lọ wo yàrá náà, àga tí wọ́n ń jókòó sí, àti olùkọ́ tí ń kọ́ wọn.