Ojú Owó Kì í Ṣe Ohun Jíjẹ

Ẹni tó gbójú lé ogún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Àwọn baba wa tó sọ ọ̀rọ̀ yìí kò bá ogún ṣọ̀tá. Bí ogún bá dé, wọ́n á gbà á tayọ̀tayọ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ènìyàn gbé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lé ohun tí ọwọ́ ẹlòmíì ń darí. Láti ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹ lójú wa ní Ibefun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú, àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, epo tí à ń ra ní nǹkan bíi ₦185 lítà kan ti di ₦488 ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti sún mọ́ ₦1,000. Ẹni tó ń gba owó oṣù ṣì lè retí pé ọ̀gá yóò bù díẹ̀ lé e. Ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024. Ta ni yóò bù lé ti ìyá tó ń yan gàrí? Ta ni yóò bù lé ti télọ̀ tàbí ti ọlọ́kadà? Ìrànwọ́ orí epo yẹn ni ìrànwọ́ kan ṣoṣo tó ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn láìkọ orúkọ síbì kankan. Ó wà nínú owó ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó wà nínú owó ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́.

Èyí tí wọ́n fẹ́ fi dípò rẹ̀ náà kò dúró sójú kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba ṣèlérí ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Nígbà tó di ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 2024, wọ́n dá gbogbo ètò ìrànwọ́ náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n lè ṣèwádìí ọ̀nà tí owó gbà. Oúnjẹ ọ̀sán tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ń jẹ níléèwé wà lára ohun tó dúró. Kódà ẹni tó gba owó náà pé pérépéré, ₦75,000 ni gbogbo rẹ̀. Kò lè bọ́ ilé ọlọ́mọ mẹ́ta fún ọdún kan. Ó lè di ojú owó.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí nìyẹn, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń dá ṣiṣẹ́ yín. Bí ìrànwọ́ bá dín kù, ẹ jẹ́ kí aṣọ dín, ẹ jẹ́ kí òde lílọ dín, ẹ má jẹ́ kí ojú owó dín. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Owó kò ní àmì lára, ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Ìyá kan ta gàrí tán l'Ọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó di owó náà mọ́ ìdí ìró, ó wọ ọkọ̀ padà sílé. Ọmọ ń wá owó ìwé, onílé ti kàn sílẹ̀kùn, iyọ̀ ti tán. Gbogbo wọn ló ń wo owó kan náà. Ká ní ẹ̀gẹ́, alárù, ẹ̀rọ, igi ìdáná àti ọkọ̀ gba ₦40,000 lọ́wọ́ rẹ̀, tí gàrí náà sì pa ₦52,000. ₦12,000 ni tirẹ̀. ₦40,000 yòókù, ẹ̀gẹ́ tó kàn ló ni ín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò ló tún wá burú jù. Bí gbogbo nǹkan ṣe ń gbówó lórí yìí, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ tó gba ₦40,000 lóṣù tó kọjá lè gba ₦44,000 lóṣù yìí. Ẹni tó ná gbogbo ₦12,000 rò pé èrè lòun jẹ, kò mọ̀ pé ₦4,000 nínú rẹ̀ ti jẹ́ ojú owó. Kò jalè, kò ṣe àṣejù, síbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó lè rà ń kéré sí i ní gbogbo ìgbà tó bá padà sóko. Nítorí náà, ẹ má fi iye tí ẹ fi ra ọjà àná ṣírò èrè. Iye tí ẹ ó fi ra ti ọ̀la ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, kí ẹ tó pe ìyókù ní èrè. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ohun tó jáde lápá kan, ohun tó wọlé lápá kejì. Bí ọwọ́ yín kò bá mọ ìwé kọ, ọmọ tó ti dé kíláàsì kẹrin lè bá yín kọ ọ́ lálaalẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Samuel Johnson kọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e kọjá òkun dé Trinidad, níbi tí wọ́n ṣì ń pè é ní susu. Ó yẹ kí ọ̀nà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ètò lọ́wọ́ wa. Ẹ fi àjọ ojoojúmọ́ pa owó ọjà mọ́ kúrò nítòsí ọwọ́ yín. Iye ọjọ́ kan tí alájọ ń yọ lóṣù kò pọ̀ jù fún ìṣọ́ tó ń ṣe, bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ èsúsú lẹ wà, ẹ bẹ àwọn ẹgbẹ́ yín kí tiyín bọ́ sí oṣù Kẹjọ, nítorí oṣù Kẹsàn-án ni iléèwé ń wọlé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló dára fún ohun ńlá, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí agbada ìyangàrí tuntun.

Owó gbọ́mú-lé-lántà ń kọ́? Ẹ má fojú kan án fún oúnjẹ. Ọjà tí yóò tà kí ọjọ́ ìsanwó tó pé nìkan ni wọ́n ń yáwó rà. Èyí tí wọ́n ń yáni lórí fóònù tún burú jù, nítorí àwọn kan nínú wọn a máa dójú ti ènìyàn lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù náà. Nígbà tí ìjọba yá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ₦10,000 TraderMoni láti 2018, ọ̀pọ̀ ló pè é ní ẹ̀bùn ìbò. Ètò náà sì sọ pé ẹni tó bá san án yóò rí ₦15,000. Ẹni tí kò san, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ara rẹ̀.

Ìjẹ̀bú ni wá, ayẹyẹ wà lára wa. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó má lọ sí Ojúde Ọba pẹ̀lú regbérégbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Aṣọ ọdún tó kọjá tí a fọ̀ tí a lọ̀ kò ba ènìyàn lójú jẹ́ tó ojú owó tó run.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má yọ wọ́n kúrò níléèwé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 ní kí iléèwé ìjọba má gba owó iléèwé títí ọmọ yóò fi parí JSS3. Bí owó iléèwé aládàáni bá ti ń wọ inú ojú owó, ẹ gbé ọmọ lọ sí ti ìjọba, kí ẹ sì máa wo ìwé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán náà, ẹ sè é sílé fún wọn dípò kí ẹ fún wọn lówó ìpápánu. Ewùrà tí a gbìn sẹ́yìnkùlé tó ìkọ́kọrẹ́ tó ọ̀jọ̀jọ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Àwọn kan ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, owó ibẹ̀ ni ìrànwọ́ tiwọn. Ẹ ṣàánú àwọn tó ń fi í ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà iṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pọ̀ jù lọ ìrànwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i tó sì ń dá ṣiṣẹ́, bó bá ti kọjá ọdún kan, ìjọba lè ṣírò ìrànwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó rí iye tí kò rí. Owó tó bá ti ibẹ̀ wá, ẹ fi ra ọjà.

Síbẹ̀, ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àìgbójúlé kò ní ká kọ ẹ̀tọ́ wa sílẹ̀. Ẹ gba NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Láìsí i, owó ìrànwọ́ tuntun kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ béèrè nínú wọ́ọ̀dù yín bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé àwọn aláìní tí ìjọba ń lò. Bí kò bá sí, kí ẹ mú aládùúgbò méjì tó mọ ipò yín dání lọ sọ ọ́. Ẹ dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé pẹ̀lú, kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń forúkọ ìyá àti ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ OGSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ògùn. Òfin ìlera ọdún 2014 ti ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀ aráàlú ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ibà ọmọ kan péré sì ti tó láti gbé ojú owó ọdún kan lọ.