Ayàwòrán àti Ọgbọ́n Iṣẹ́ Rẹ̀

Kí iná mànàmáná tó dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá ni ayàwòrán ti wà níbẹ̀. Àwọn kan a máa pè é ní fọtógíráfà, àwọn mìíràn a máa pè é ní onífọ́tò. Ẹni tí kò mọ ìdí iṣẹ́ náà lè rò pé kò ju kí ènìyàn dojú kámẹ́rà kọ oníbàárà, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì gba owó lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oòrùn ni iná rẹ̀, kànga ni ó ti ń pọn omi iṣẹ́, ìrírí ni ó sì fi ń díwọ̀n ohun gbogbo.

Nígbà náà, fọ́tò pélébé tí àwọn ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà ni owó rẹ̀ máa ń yá jù. Àpótí pákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń yà á ní ẹ̀bá ọ̀nà. Nínú àpótí náà ni abọ́ kékeré méjì wà: ọ̀kan gba omi oògùn tí ń mú àwòrán hàn, èkejì gba háípò, èyí tí kì í jẹ́ kí àwòrán náà bàjẹ́ bí ó bá rí ìmọ́lẹ̀. Apá aṣọ dúdú kan wà lára àpótí, ibẹ̀ ni ayàwòrán ń ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Yóò fi ìwé fọ́tò sí àyè rẹ̀, yóò ṣí ìdérí ojú kámẹ́rà, yóò ka ení, èjì, ẹ̀ta, yóò sì dé e padà. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, kíkà náà yóò gùn sí i. Kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un bí yóò ti gùn tó. Àwòrán tí ó kọ́kọ́ jáde a máa yí padà: aṣọ funfun a di dúdú, irun dúdú a di funfun. Ayàwòrán yóò gbé e kọ́ iwájú kámẹ́rà kan náà, yóò tún un yà, ìgbà náà ni ojú oníbàárà yóò tó rí bí ó ti yẹ kí ó rí. Gbogbo èyí ni ó ń ṣe nígbà tí oníbàárà jókòó sórí àpótí, tí ó ń bèèrè bóyá kò tíì tán.

Ti inú yàrá òkùnkùn tún yàtọ̀. Ìwé fọ́tò kì í rí ìmọ́lẹ̀ pupa, nítorí náà fìtílà tí a fi gíláàsì pupa bò tó fún iṣẹ́ ibẹ̀. Ooru ni ọ̀tá tí ó le jù. Bí omi oògùn bá gbóná ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú fíìmù a rọ̀, a sì lè ṣí kúrò. Ayàwòrán tí ó gbọ́n yóò dúró di ìdájí, yóò bu omi tútù láti inú àmù, yóò sì fọ fíìmù rẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Pẹ́ńsùlù tí ó mú ṣóńṣó náà wúlò fún un. Níbi tí ojú àgbàlagbà bá ti hunjọ, ibẹ̀ a máa mọ́ gaara lára nẹ́gẹ́tíìfù; bí ó bá fi pẹ́ńsùlù kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, ìhunjọ náà yóò dínkù nígbà tí fọ́tò bá jáde. Kò sí oníbàárà tí ó bínú sí èyí rí.

Ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ ìbejì ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ti hàn jù. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn Yorùbá ti ń gbẹ́ ère fún ìbejì tí ó bá kú, kí èkejì rẹ̀ má baà dá nìkan wà. Nígbà tí ó yá, àwọn ìdílé kan, pàápàá nínú àwọn ẹlẹ́sìn Kristi àti Mùsùlùmí, bẹ̀rẹ̀ sí fi fọ́tò dípò ère. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán, rí i ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ sínú àròkọ kan ní ọdún 1978.

Ọ̀ràn náà kò rọrùn. Ìyá dé, ó mú ọmọ kan lọ́wọ́, ó sì ń fẹ́ fọ́tò ọmọ méjì. Ẹni tí ó kú lè má ní fọ́tò kankan nílẹ̀. Ayàwòrán yóò gbé ọmọ tí ó wà láàyè jókòó sí apá kan, yóò yà á. Yóò tún gbé e sí apá kejì, yóò sì yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni ó wà láàyè tí obìnrin sì kú, wọn yóò wọ aṣọ obìnrin fún ọmọ náà fún fọ́tò kejì. Lẹ́yìn èyí, nínú yàrá òkùnkùn, yóò bo ìdajì ìwé fọ́tò, yóò tẹ ọmọ kìíní sí ìdajì yòókù, yóò sì pa wọ́n dà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, ìlà kan yóò là wọ́n láàárín. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró dáadáa, ìbejì méjì yóò jókòó sórí ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní ẹ̀tàn. Ìyá náà ń kọ́? Ọmọ méjì ni ó bí, ọmọ méjì ni ó sì fẹ́ máa rí lára ògiri.

Lára àwọn tí iṣẹ́ yìí sọ di ẹni ńlá ni J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní ọdún 1930 ní agbègbè tí ó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọdún 1950 ni ó ra kámẹ́rà kékeré kan, aládùúgbò rẹ̀ sì kọ́ ọ bí a ti ń lò ó. Ó kọ lẹ́tà léraléra sí ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n sáà gba òun láti máa ranni lọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn. Ní ọdún 1954, wọ́n gbà á. Ó di ayàwòrán ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn ní ọdún 1961, ó sì lọ sí Èkó ní ọdún 1963.

Ní ọdún 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ. Ó kíyè sí i pé irun tí àwọn obìnrin ń dì jẹ́ iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà tí kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tú u ni. Nítorí náà, ibi gbogbo tí ó bá ti rí irun tí ó wù ú, ìbáà ṣe ní òde ìyàwó, ní ọ́fíìsì tàbí ní ojú títì, yóò bẹ ẹni tí ó dì í pé kí ó jẹ́ kí òun yà á. Ẹ̀yìn orí ni ó ń yà jù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ onídìrí ti ń hàn. Nígbà tí ó fi kú ní ọdún 2014, fọ́tò irun tí ó ti yà sún mọ́ 1,000. Ṣùkú wà nínú wọn, onílé-gogoro wà níbẹ̀, òwú dúdú tí wọ́n fi yí i sì hàn ketekete débi pé onídìrí lè fi ojú tẹ̀lé e láti ìdí irun dé ṣóńṣó.